Aṣọ Ni Bàbá Ń Gé, Wọn Kì Í Gé Orúkọ

Ojú ewé kan péré ni akọ̀wé ìjọ ní kí n fi kọ nípa Bàbá mi àgbà. Ó ní kí n kọ ibi tí wọ́n bí wọn sí, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ipò tí wọ́n dì mú nínú ìjọ, iye ọmọ àti ọmọ-ọmọ tó gbẹ̀yìn wọn, kí n wá fi àdúrà kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ó tilẹ̀ fún mi ní ìwé ìsìnkú ẹlòmíràn kí n máa wò ó kọ. "Ṣáà máa pààrọ̀ orúkọ níbẹ̀, àbúrò Dúpẹ́," ló wí. Mo gbà á, mo dúpẹ́, mo délé, mo bú sẹ́kún. Ẹni tó fi gbogbo ayé wọn jà pé èèyàn kan kò ṣeé fi dípò èèyàn kejì, àwọn ni wọ́n ní kí n kọ sórí ìwé ẹlòmíràn! Mo kọ ojú ewé kan náà, nítorí ìsìnkú ò lè dúró dè mí. Èyí tí mò ń kọ báyìí ni òótọ́ rẹ̀. Ó gùn, inú rẹ̀ kò sì dùn.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi orúkọ bẹ̀rẹ̀. Bàbá kì í gé orúkọ. Tósìn ni gbogbo ayé ń pè mí, àwọn tí kò tilẹ̀ rántí Tósìn ń pè mí ní "àbúrò Dúpẹ́", torí ẹ̀gbọ́n mi ló lẹ́wà, òun ló lóhùn, èmi kàn ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn kiri ni. Ṣùgbọ́n Bàbá, Olúwatósìn ni wọ́n ń pè mí, ì báà ṣe pé omi lásán ni wọ́n fẹ́ kí n bù wá. Modúpẹ́olúwa ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi, tí ìyẹn á gùn lẹ́nu wọn bí ìlà rélùwéè bí inú bá ń bí wọn. Mo bi wọ́n léèrè nígbà kan pé kí ló dé tí wọn ò lè ṣe bíi tàwọn yòókù. Wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára aṣọ, wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Télọ̀ ni mí, Olúwatósìn. Aṣọ ni mo ń gé, n kì í gé orúkọ."

Ọmọ Ìjùmú ni Bàbá, díkinì ìjọ ni wọ́n, wọ́n sì ti wà ní Zaria kí wọ́n tó bí bàbá mi. Maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kan, tábìlì kan àti àga méjì ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù wọn ní Tukur-Tukur. Àlàájì, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Sabon Gari, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì, ló wà ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e. Ojoojúmọ́ ni àwọn méjèèjì ń jà, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì jọ ń mu kúnú nínú igbá kan náà. Àwọn Hausa a máa kí Bàbá pé "Sannu, Baba Mai Dinki", Bàbá Aránṣọ. Bàbá a dá wọn lóhùn tán, wọ́n á ní, "Ṣùgbọ́n mo ní orúkọ o."

Ọkùnrin kan wá láti Dogarawa nígbà tí Iléyá ku díẹ̀. Ó gbé yádì funfun wá, ó fẹ́ jálàbíà fún ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Èkejì nìkan ló mú dání. Ó ní kí Bàbá wọn ìyẹn, kí wọ́n fi díẹ̀ kún un fún ẹ̀gbọ́n, kí wọ́n yọ díẹ̀ kúrò fún àbúrò. "Haba, Baba! Ọmọ bàbá kan náà ṣá ni wọ́n." Bàbá ká yádì náà, wọ́n gbé e padà fún un. Ọkùnrin náà bínú lọ. Lọ́jọ́ kejì ó kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé, ó ń kùn. Bàbá wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tó kan àbíkẹ́yìn, wọ́n pe bàbá ọmọ náà súnmọ́ tòsí, wọ́n fi ọwọ́ rẹ̀ lé ejìká ọmọ náà. Ti òsì rẹlẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Ọkùnrin yẹn ò mọ̀ rí. Àlàájì bú sẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà: "Díkinì, ejìká tí bàbá ò rí láti ọjọ́ tó ti bímọ!" Bàbá ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n ní, "Ẹni tó dá a ti rí i."

Ìgbàgbọ́ wọn náà nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ẹlòmíràn ní ẹ̀kọ́ rẹpẹtẹ nípa Ọlọ́run. Bàbá mi àgbà gbà pé Ọlọ́run kò rán èèyàn méjì láti ara ìwọ̀n kan náà rí, pé ìyà ńlá ló jẹ́ fún ẹnikẹ́ni láti kú láìsí ẹni tó wò ó dáadáa. Látinú ìyẹn ni gbogbo ìjà wọn ti ń wá.

Àdúrà wọn, ẹ ò ní í fẹ́ ẹ. Wọn kì í gbàdúrà fún "gbogbo wa". Bílẹ̀ bá mọ́, orúkọ ni wọ́n á máa kà, orúkọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ẹni náà. Tèmi ni, "Olúwatósìn tí kì í jẹun tán, tó ń fi èdè Hausa lálàá." Bí mo bá sùn lọ láàárín àdúrà, orúkọ mi ló máa ń jí mi, mi ò mọ bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá ní kí Bàbá fi àdúrà ìṣẹ́jú márùn-ún parí ìsìn, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀bà ti di òkúta nílé. Àwọn ìyá á máa wú ikọ́, pásítọ̀ á máa wo aago. Lọ́jọ́ kan ìyá kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Díkinì, ẹ parí ẹ̀ bọ̀!" Bàbá ò la ojú. "Ẹni tó bá ń kánjú kó máa lọ. Ọlọ́run ò tíì dìde."

Ìjà tó tóbi jù ni ti aṣọ akọrin. Ìgbìmọ̀ fẹ́ kí wọ́n lọ ra èyí tí wọ́n ti rán tán ní Kano: kékeré, mídíọ̀mù, ńlá. Bàbá dìde nínú ìpàdé. "Ta ni Ọlọ́run dá ní mídíọ̀mù nínú yín? Kó dìde kí n rí i!" Ta ló máa dìde? Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Bàbá, oṣù mẹ́rin gbáko ni wọ́n sì fi ṣe é, tí orí olórí akọrin fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú. Wọ́n wọn akọrin kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ọrùn aṣọ, níbi tí ojú ẹlòmíràn ò dé, wọ́n fi òwú ṣe àmì ẹni tó ni ín. Ẹyẹ pupa kékeré ni ti ẹ̀gbọ́n mi. Ewé ni ti Rúùtù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Dakace, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ opó bí. Èmi ò lóhùn, n kò sí nínú akọrin, n kò sì ní àmì kankan.

Bàbá wá ṣòfin lé e: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ aṣọ ẹlòmíràn. Wọ́n bọ́ aṣọ lọ́rùn ọkùnrin kan lówùúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, torí ó wọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dúró pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, ojú tì í, ó ní aṣọ ṣá ni. Bàbá ní, "Bí Olúwa bá pe ẹni tó ni aṣọ yìí, ṣé ìwọ lo máa jẹ́ ẹ?"

Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín sí i lọ́jọ́ náà, títí kan èmi.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí àwọn akọrin fẹ́ lọ kọrin ní ìlú kan lójú ọ̀nà Funtua. Ẹ̀gbọ́n mi ni yóò dá orin, iwájú pátápátá ni yóò dúró sí. Iná ò sí láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ní kí n bá a fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ rẹ̀ kó lè rí ààyè wẹ̀. Mò ń kọrin, mò ń ju ara. Ẹyin iná kan já bọ́ sí etí aṣọ, kí n tó gbọ̀n ọ́n dànù, ó ti jó o, ihò rẹ̀ tó àtàǹpàkò. Dúpẹ́ jáde láti balùwẹ̀, ó rí i, ó jókòó sílẹ̀. Kò tilẹ̀ bú mi. Ó kàn ní, "Tósìn, Bàbá á pa wá."

Rúùtù wá yà pè é kí wọ́n jọ lọ. Ó wo aṣọ náà, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yìn ni mo máa ń dúró sí, ta ló fẹ́ wo etí aṣọ mi? Gba tèmi." Dúpẹ́ ń fà sẹ́yìn. Èmi, mo kúnlẹ̀, mo fẹsẹ̀ palẹ̀, mo bẹ àwọn méjèèjì pé kí wọ́n ṣe é, kí Bàbá má gbọ́. Wọ́n ṣe é. Ejìká Rúùtù gbòòrò díẹ̀ ju ti ẹ̀gbọ́n mi lọ, aṣọ ẹlẹ́yẹ náà fún un. Ó ní òun ò ní í lè gbọ́wọ́ sókè yin Ọlọ́run lónìí. A jọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n juwọ́ sí mi, èmi náà juwọ́ padà.

Òjò rọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bọ́ọ̀sì wọn ṣubú sódò lórí afárá. Àwọn kan lúwẹ̀ẹ́ jáde, mẹ́fà ò jáde, Dúpẹ́ àti Rúùtù wà nínú wọn. Ọjọ́ kẹta ni omi tó fi wọ́n sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè wo ojú wọn kó mọ ẹni tí í ṣe. N kò ní í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, nílẹ̀ wa, òbí kì í wo òkú ọmọ rẹ̀, kì í sì í mọ ojú oórì rẹ̀. Àwọn bàbá dúró sábẹ́ igi dóńgóyárò nínú ọgbà ilé ìwòsàn, ẹnikẹ́ni ò lè wọlé. Ẹnìkan nínú àwọn àgbà ìjọ ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ kan ṣoṣo fún àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí wọ́n kọ orúkọ wọn pọ̀ sórí òkúta kan, Ọlọ́run á mọ tirẹ̀. Bí Bàbá ṣe gbọ́ báyìí ni wọ́n dìde lórí maṣíìnì. Téèpù wà lọ́rùn wọn, wọn ò yọ ọ́. Àlàájì ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó tẹ̀ lé wọn. Nílé ìwòsàn, àwọn èèyàn dì wọ́n mú. "Díkinì, ọmọ-ọmọ yín wà níbẹ̀! Àgbàlagbà kì í rí irú nǹkan báyìí! Èèwọ̀ ni!" Bàbá já ọwọ́ wọn kúrò. Wọ́n ní, "Èmi ni mo ránṣọ fún wọn. Mo mọ ọwọ́ mi."

Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Àlàájì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ń gbọ́ ohùn Bàbá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n dúró níwájú àwọn bàbá yẹn, wọ́n pe orúkọ mẹ́fà, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìgé ọ̀kan kúrú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn wọ́n wá bá mi lẹ́yìn ilé ìdáná. Òórùn ìzal, oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ilé ìwòsàn, wà lára wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi. "Olúwatósìn, aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ, ṣé etí rẹ̀ jó?" Mo rò pé wọ́n fẹ́ nà mí ni. Láàárín gbogbo ìyẹn, nínà ni mo ń bẹ̀rù! Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Èmi ni mo jó o." Wọ́n gbé mi mọ́ra. Wọ́n ní, "Ó ti tó. Ó dá mi lójú báyìí."

Òótọ́ ni mo sọ. Èmi gan-an ni mo jó o. Òótọ́ yẹn ló sì sin ọmọ ọlọ́mọ ní orúkọ ẹ̀gbọ́n mi.

Kò yé mi títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n gbé àwọn pósí jáde tí mo rí orúkọ lára wọn, tí mo rí èyí tí wọ́n ń gbé lọ síbi ti ilé wa. Mo pariwo. "Kì í ṣe òun! Ẹ dúró, kì í ṣe òun!" Àǹtí mi fọwọ́ bò mí lẹ́nu, òun náà ń sunkún, ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọmọ náà ò tíì gbà pé ẹ̀gbọ́n òun ti kú. Gbogbo ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ló ń sọ pé kì í ṣe òun. Ta ló máa gbọ́ tèmi níbẹ̀? Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, n kò tún sọ ọ́ mọ́. Kí n má purọ́, ẹ̀rù ló bà mí. Ọjọ́ di oṣù, oṣù di ọdún mẹ́wàá.

Wọ́n fi Bàbá ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwàásù títí ó fi sú mi. Àlejò á wá, wọ́n á ní kó bọ Díkinì lọ́wọ́, ẹni tó wọ inú ilé òkú lọ pe àwọn ọmọ Ọlọ́run lórúkọ. Bàbá á sì máa dúpẹ́ láràárọ̀: "Olúwa, mo dúpẹ́ fún Modúpẹ́olúwa, tí mo mọ ibi tó sùn sí." Orúkọ tèmi ló máa ń tẹ̀ lé e. Orúkọ tó ń jí mi tẹ́lẹ̀ wá di ohun tó ń lé mi sá síta.

Ọdọọdún ni Ìyá Rúùtù ń ránṣẹ́ sí mi. Àwọn náà pa àṣà mọ́, wọn kì í dé ojú oórì. Wọ́n á fún mi ní ọ̀dà funfun àti búrọ́ọ̀ṣì: "Àbúrò Dúpẹ́, ìwọ lo kù tó mọ̀ ọ́n, bá mi lọ kun ilé ọmọ mi." Wọ́n á se ẹ̀wà dè mí. Màá lọ, màá kun ún. Ẹ̀gbọ́n mi ló wà nísàlẹ̀, èmi ló ń kun ún ní funfun, tí mo tún ń fi ọ̀dà dúdú tún "Rúùtù" kọ sí i lórí kó lè hàn. Màá padà lọ jẹ ẹ̀wà yẹn. Mo jẹ ẹ́ fún ọdún mẹ́wàá.

Ẹ má sọ fún mi pé Ọlọ́run mọ̀. Mo mọ̀ pé Ó mọ̀! Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ gan-an nìyẹn. Bó bá mọ gbogbo ejìká, bó bá mọ ti òsì tó rẹlẹ̀, kí ló dé tó fi jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sórí òwú pupa díẹ̀ àti ẹnu ọmọ ọdún mẹ́tàlá? Mo béèrè títí, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo fi àdúrà sílẹ̀. Mo ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń la ẹnu bí wọ́n bá ń kọrin.

Lọ́dún yìí ẹsẹ̀ Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Àwọn dókítà ní ọkàn ló ti rẹ̀. A gbé wọn wá sílé wa ní Dogarawa, èmi ni mò ń wẹ ẹsẹ̀ náà láàárọ̀. Lọ́jọ́ kan ara wọn dá díẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Kò ní í pẹ́ mọ́, màá rí Modúpẹ́olúwa. Màá sọ fún un pé mo mọ̀ ọ́n láàárín gbogbo wọn." N kò mọ bí ẹnu mi ṣe là. Mo sọ ọ́. Áyọ́ọ̀nù, ihò, Rúùtù, ẹyẹ, ewé, gbogbo rẹ̀ pátá, mo di ẹsẹ̀ wíwú náà mú, omi ìwẹ̀sẹ̀ ń dà sí mi lára.

Ọjọ́ méjì ni Bàbá ò fi sọ̀rọ̀. Wọn ò jẹ, wọn ò mu. Wọ́n kàn ń fi ìka tọ ojú rírán bẹ́ẹ̀dìṣíìtì láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì. Àlàájì wá, ó bá wọn ṣe yẹ̀yẹ́ bó ti máa ń ṣe, ó jókòó tì wọ́n títí, ó lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, wọ́n ní kí n mú téèpù wá. Wọ́n ní kí n yí ẹ̀yìn sí wọn. Wọ́n wọn ejìká mi láti ọ̀tún dé òsì, wọ́n sì fi ọwọ́ wọn sílẹ̀ síbẹ̀.

"Aṣọ yẹn fún un léjìká," ni wọ́n wí. "Nínú ilé òkú. Mo fọwọ́ kàn án, ọwọ́ mi sọ fún mi pé kì í ṣe Modúpẹ́olúwa. Mo ní omi ni. Mo ní omi ló wú u." Wọ́n ń sunkún, n kò rí i rí láyé mi. "Mo yí ọrùn aṣọ padà, mo rí ẹyẹ mi, inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Olúwatósìn, mo gba àmì gbọ́ ju ọmọ lọ."

Wọ́n fẹ́ gbàdúrà. "Ọlọ́run," ni wọ́n pè, wọn ò rí orúkọ kankan fi tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ìwọ nìkan kọ́ lo ṣe é. A ó jọ lọ bá ìyá rẹ̀. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ yìí wálẹ̀ díẹ̀."

Mo bẹ Ọlọ́run. Èmi tí n kò bá A sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́wàá, mo dojúbolẹ̀, mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ kan péré, kí ẹsẹ̀ bàbá arúgbó kan wálẹ̀ kí n má baà dá lọ. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tí mo jẹ́wọ́ ni Bàbá kú. Ẹsẹ̀ náà wú títí wọ́n fi gbé e wọ pósí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì a péjọ fún àdúrà, bàbá mi ló darí rẹ̀. Ó gbàdúrà fún "gbogbo wa", ó ní kí a ṣe àmín.

Lẹ́yìn ìsìnkú mo sọ fún màmá mi. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ti ilẹ̀kùn. "Òkú ti sùn, Tósìn. Jẹ́ kó sùn. Má lọ pa obìnrin yẹn lẹ́ẹ̀kejì." Bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ, n kò tíì mọ̀. Mo kàn mọ̀ pé bí mo bá tún kun ilé yẹn ní funfun lẹ́ẹ̀kan sí i, orí mi á dàrú. Mo wọ kéké lọ sí Dakace.

Ìyá Rúùtù ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ. "Àbúrò Dúpẹ́! Ẹ kú ọ̀fọ̀ Bàbá o. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Àbí àkókò ọ̀dà ti tó ni?" Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ kí n má baà rí ààyè sá. Wọn ò dá ọwọ́ ẹ̀wà dúró. Nígbà tí mo dé ibi tí Rúùtù ti ní "Gba tèmi", ọwọ́ wọn dúró, ẹyọ ẹ̀wà kan wà láàárín ìka wọn, kò bọ́ títí mo fi parí.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Bàbá mọ̀, mà. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n kú."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní omi ni."

Mo ń retí igbe. Mo ń retí ìgbájú, Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ. Wọ́n gbé atẹ sílẹ̀, wọ́n wá sálúbàtà wọn, wọ́n wọ ti ọ̀tún sí ẹsẹ̀ òsì. "Dìde. Mú mi lọ."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, èèwọ̀ ni."

"Ọdún mẹ́wàá ni mo fi pa èèwọ̀ mọ́. Wo ibi tó gbé mi dé."

A wọ kéké lọ. Ní ìtẹ́ òkú, mo fi ibi ti ilé wa hàn wọ́n, èyí tí wọ́n kọ Modúpẹ́olúwa sí lára. Wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ, wọ́n fi ìka tọ orúkọ náà, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó mọ́lẹ̀. "Rúùtù," ni wọ́n wí. "Rúùtù mi. Ìyá rẹ ló dé." Lẹ́yìn náà igbe náà wá.

Nígbà tó rọlẹ̀, mo ṣì dúró lẹ́yìn wọn. Mo ní, "Mà, ẹ dárí jì mí."

Wọn ò wẹ̀yìn. "N kò tíì lè dá ọ lóhùn ìyẹn." Wọ́n nu imú wọn. Mo rò pé wọ́n ti parí ọ̀rọ̀, mo fẹ́ máa lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà dè wọ́n. "Olúwatósìn," ni wọ́n pè. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, wọn ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Bóyá inú àdúrà Bàbá tó ń pẹ́ yẹn ni wọ́n ti gbọ́ ọ. "Fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n tìrẹ ti ń dúró dè ọ́. Lọ bá a."

Kò jìnnà, ìlà kejì ni. Ọ̀dà funfun tí mo fi kùn ún lọ́dún tó kọjá ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Mo fọwọ́ bo "Rúùtù" tí mo kọ sí i lórí. Mo bá pè é ní Modúpẹ́olúwa, n kò gé e.